Àbùlẹ̀ díráfà wo ni kí n gbé padà sí kernel 5.10 wa, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

ọmọ_Mókọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ìbàdàn ni mo wà. Àpótí kéékèèké la máa ń ṣe, èyí tó ń ka bí òtútù ṣe tó nínú yàrá tí wọ́n ń kó tòmátì àti ẹja sí lọ́jà. 42 ló wà níta báyìí: Ṣáṣá, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìṣẹ́yìn, títí dé Ṣakí. Linux ló wà nínú wọn, kernel 5.10 (kernel ni ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) tí ẹni tó ta bọ́ọ̀dù fún wa kó lé wa lọ́wọ́. Módẹ́ẹ̀mù USB tó ní síìmù nínú ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí wáyà, kò sí Wi-Fi. Módẹ́ẹ̀mù yẹn nìkan la ń gbà wọlé sí wọn.

Irú èyí tí a ń rà tẹ́lẹ̀ ti tán lọ́jà. Èyí tí wọ́n kó wá lóṣù tó kọjá jọ ọ́ lójú, àmọ́ nọ́ńbà USB rẹ̀ yàtọ̀, kernel wa ò sì dá a mọ̀. Mo tì í bọ laptop mi tó ní kernel 6.12, kíá ló ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé díráfà rẹ̀ (kóòdù inú kernel tó ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀) wà, ọ̀dọ̀ wa ni kò tíì dé. (Díráfà ni mo wí o, kì í ṣe dírẹ́bà. Ti ọkọ̀ wa ò níṣòro.)

Mo wá fi git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, wo gbogbo àbùlẹ̀ (àtúnṣe kóòdù) tó wọ díráfà módẹ́ẹ̀mù méjì, qmi_wwan (ti dátà) àti option (ti ìlà àṣẹ), láti 5.10 dé 6.12:

`git log --oneline v5.10..v6.12 -- drivers/net/usb/qmi_wwan.c drivers/usb/serial/option.c`

Ohun tó tú jáde kọjá ohun tí mo lè kà tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀gá mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ wọlé, pé tuntun ló dáa. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa yàn. Àwọn kan ní `Cc: stable` lára (àmì pé kí wọ́n gbé e padà sí ẹ̀yà àtijọ́), àwọn kan ní `Fixes:` nìkan, àwọn mìíràn ò ní nǹkan kan. Òmíràn jẹ́ ìlà kan péré, òmíràn tú fáìlì palẹ̀ ó sì tún un tò. Mo ti dán bíi márùn-ún wò. Mẹ́ta wọlé wẹ́rẹ́, méjì forí gbárí pẹ̀lú kóòdù wa. Mo rò ó pé kí n máa mú èyí tó bá wọlé wẹ́rẹ́, kí n fi èyí tó bá forí gbárí sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

SáréTete

Bọ̀dá, kí lẹ ń pa ara yín fún? Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí 6.12, ó parí. 5.10 tí ẹ dì mú yẹn, oṣù Kejìlá 2020 ló jáde. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń lọ iléèwé.

ọmọ_Mókọ́lá

SáréTete, èmi náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Díráfà mẹ́ta wà lórí bọ́ọ̀dù yìí tí kò sí lọ́dọ̀ Linus (Linus Torvalds, tó ń bójú tó kernel gbogbogbòò) rárá: èyí tó ń ṣọ́ bátìrì, èyí tó ń ka sẹ́ńsọ̀, àti ti sikiríìnì kékeré iwájú rẹ̀. 5.10 ni wọ́n kọ wọ́n fún. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó tà á, wọ́n ní kí a ra bọ́ọ̀dù tuntun.

alábùlẹ̀

Ọmọ Mókọ́lá, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè rẹ dáa, àmọ́ ìdáhùn tí o fi tì í lẹ́yìn ti yí sódì, o sì máa fi ra ìrìn Ṣakí fún ara rẹ.

Àbùlẹ̀ tó forí gbárí ò ṣe ọ́ níbi. Git ti kígbe pé kóòdù ibẹ̀ ò rí bó ṣe rí níbi tí àbùlẹ̀ ti wá. O máa dúró, o máa kà á. Èyí tó wọlé wẹ́rẹ́ láìsọ nǹkan kan ni kí o máa fura sí. Kóòdù tó yí ibi tí àbùlẹ̀ ti wọlé ká nínú fáìlì yẹn ni git ń wò. Tí iṣẹ́ kan tí àbùlẹ̀ yẹn gbára lé bá wà ní fáìlì mìíràn, tó sì jẹ́ pé ọdún 2022 ni wọ́n tó tún ìwà rẹ̀ ṣe, git ò lè mọ̀. Á lẹ̀ ẹ́ fún ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Tẹ́lọ̀ ni ìyá mi, ní Òkè-Fìà ní Òṣogbo. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, ọwọ́ wọn ni mo ti rí i. Tí a bá ya ṣòkòtò iléèwé wọlé, ihò yẹn kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á yí ṣòkòtò sódì, wọ́n á na etí ihò náà sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wo bí òwú tó yí i ká ṣe kù sí. Tí òwú ibẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́, wọn ò ní lẹ jíìnsì lé e, torí jíìnsì yóò fa èyí tó kù ya. Ohun tí mo ń ṣe pẹ̀lú kernel láti bí ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Mi ò kọ́kọ́ ń bi í pé ṣé àbùlẹ̀ yìí dáa. Gbogbo wọn ló dáa níbi tí wọ́n ti gé wọn. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tí kò sí lábẹ́ rẹ̀ níbí? Ìyẹn ni mò ń wá.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2023. Àbùlẹ̀ ext4 kan wà (ext4 ni ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì) tó ń tún àléébù gidi ṣe, nípa bí ìwọ̀n fáìlì ṣe ń dé orí dísìkì nígbà tí a bá kọ ọ́ tààrà pẹ̀lú O_SYNC (àṣẹ pé kí ó dé dísìkì kó tó dáhùn). Ó ti wà lọ́dọ̀ Linus, kò gùn jù, àwọn tó mọ ext4 dunjú ló kọ ọ́. Wọ́n gbé e padà sí 6.1.64, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Linus, àbùlẹ̀ mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ wọ inú iomap (apá kernel tí ext4 ń lò láti kọ dátà tààrà), tó jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó tún `ki_pos`, ìyẹn ipò tí kíkọ fáìlì dé, ṣe. 6.1 ò ní ìyẹn. Báyìí ni ipò tí kernel rò pé fáìlì dé kò ṣe bá òótọ́ mu mọ́, dátà sì ń bàjẹ́. Debian (Linux kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò) ti múra àtigbé 12.3 jáde pẹ̀lú kernel yẹn. Wọ́n dá a dúró, 12.4 ni wọ́n gbé jáde dípò rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù náà, pẹ̀lú 6.1.66. 6.1.66 yẹn gan-an tún gbé àbùlẹ̀ Wi-Fi kan dání, ti cfg80211, tó da nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn kan rú. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé 6.1.67 jáde ni láti yọ ọ́ kúrò.

Ìyẹn ti àwọn ẹlòmíràn. Tèmi rèé.

Ní 2020, níbi iṣẹ́ kan ní Èkó, a ní kernel 4.9 tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o fún wa. Módẹ́ẹ̀mù tuntun dé, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Àbùlẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Linus jẹ́ ìlà kan ṣoṣo nínú qmi_wwan.c: `QMI_MATCH_FF_FF_FF`, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà ọjà, ó tán. Mo lẹ̀ ẹ́. Compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè lò) ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ `QMI_MATCH_FF_FF_FF`. Mo wá macro náà (orúkọ kúkúrú tó dúró fún kóòdù) lọ, mo dà á kọ sókè fáìlì. Ó compile. Inú mi dùn, mo lọ jẹun.

Ohun tí mi ò kà ni pé irú módẹ́ẹ̀mù yìí ní interface méjì (ojú ọ̀nà lórí USB) tó jọra bí ìbejì, DIAG (ti àyẹ̀wò) àti QMI (ti dátà). ff/ff/ff ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ohun tí a fi ń mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́yìndé ni iye endpoint wọn, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí dátà ń gbà: méjì ni ti DIAG, mẹ́ta ni ti QMI. Lọ́dọ̀ Linus, probe (ibi tí díráfà ti ń yẹ ẹ̀rọ wò) ń kà á, tó bá ti rí méjì, á fi í sílẹ̀. Àbùlẹ̀ mìíràn tó ti wọlé ṣáájú ló mú kíkà yẹn wá, kernel wa ò sì ní in. Díráfà bá kó ìbejì méjèèjì mọ́ra. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì yọ lórí Linux, wwan0 àti wwan1. Lórí tábìlì mi, ModemManager (ètò tó ń darí módẹ́ẹ̀mù) mú èyí tó tọ́ ní gbogbo ìgbà. Níta, ó di ẹni tí orí bá ṣe é fún. Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Àgbárá, mo fi ẹsẹ̀ ara mi dé ibẹ̀, laptop lórí itan, oòrùn lórí. Ìlà kan ṣoṣo o.

Torí náà, kí o tó mú ohunkóhun, `uname -r` rẹ (àṣẹ tó ń sọ nọ́ńbà kernel) sọ kí ni? Mo mọ̀ pé 5.10 ni. 5.10 mélòó?

Ìdí tí mo fi bi ọ́ ni pé o ń fi v5.10 wé v6.12, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan sí 5.10 láti 2020. Ìlà 5.10.y wà, ìyẹn 5.10 tí wọ́n ń fi àtúnṣe kún, tí a ń pè ní stable. Greg Kroah-Hartman àti Sasha Levin ló ń bójú tó o, wọ́n sì ti ń kó àbùlẹ̀ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀mù tuntun wà lára ohun tí òfin wọn gbà wọlé láìjanpata. Kí o tó lọ já ẹ̀fọ́ lóko, wo inú apẹ̀rẹ̀ tó wà nílé:

`git log --oneline v5.10.NN..stable/linux-5.10.y -- drivers/net/usb/qmi_wwan.c drivers/usb/serial/option.c`

Fi nọ́ńbà tìrẹ sí ibi NN. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí o ń dààmú lé lórí, àwọn kan ti yàn án, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n ti rí ibi tó ti ya, wọ́n sì ti rán an padà.

Tó bá wá ku èyí tí kò sí níbẹ̀, lọ ka `Documentation/process/stable-kernel-rules.rst`. Kò gùn, ó sì dà bí asẹ́ ògì: èèrí á jókòó sókè. Kí ó ti wà lọ́dọ̀ Linus ná. Kí ó má ju ìlà 100 lọ pẹ̀lú àwọn ìlà tó yí i ká. Kí ó tún àléébù tó ń bá èèyàn jà ní tòótọ́ ṣe, tàbí kí ó kàn fi nọ́ńbà ẹ̀rọ kún un. Kì í ṣe "ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan", kì í ṣe àtúnṣe àmì ìdánudúró. Ìdajì ohun tí ọ̀gá rẹ ní kí o kó wọlé kò ní kọjá ibẹ̀.

Nípa `Fixes:`, nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ ń tọ́ka sí commit (àyípadà kan nínú ìtàn git) tó dá àléébù náà sílẹ̀. Lọ wò ó bóyá commit yẹn wà nínú kernel tìrẹ. Tó bá jẹ́ 5.14 ni àléébù náà wọlé, kí lo fẹ́ tún ṣe ní 5.10? Àmọ́ fi àkọlé commit náà wá a, má fi nọ́ńbà nìkan. Ẹni tó ta bọ́ọ̀dù fún ọ lè ti gbé àléébù yẹn padà sí 5.10 fúnra rẹ̀ láìgbé àtúnṣe rẹ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lẹ́yìn náà, yí i padà. Fi nọ́ńbà àbùlẹ̀ tí o fẹ́ mú wá inú ìtàn Linus pẹ̀lú `git log --grep`. Tí `Fixes:` mìíràn bá tọ́ka sí i, á jẹ́ pé àbùlẹ̀ náà ti ya, wọ́n ti lẹ àbùlẹ̀ lé àbùlẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n. O ò lè mú ọkọ kí o fi ìyàwó sílẹ̀.

Èyí tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń tún kóòdù tò nítorí pé àárín kernel yí padà, fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. `netif_napi_add` pàdánù ohun kan nínú àkámọ́ rẹ̀ ní 6.1, `dev_addr` di ohun tí a ò gbọdọ̀ kọ nǹkan sí tààrà mọ́ ní 5.17, `class_create` náà yí padà ní 6.4. Kò sí èyí tó kan àpótí tòmátì.

Nọ́ńbà ẹ̀rọ ló kù, ìyẹn ni ohun tí o ń wá gan-an. Má wo nọ́ńbà nìkan, ka ohun tó tẹ̀ lé e nínú `.driver_info`. `RSVD(4)` nínú option.c túmọ̀ sí pé kí option má fọwọ́ kan interface 4, qmi_wwan ló ni ín. Tí o bá gbàgbé rẹ̀, option á jókòó sórí àga qmi_wwan. `QMI_QUIRK_SET_DTR` nínú qmi_wwan, tí o bá já a sílẹ̀, módẹ́ẹ̀mù tí chip rẹ̀ jẹ́ tuntun díẹ̀ á wà níbẹ̀, á gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ, kò ní dá ọ lóhùn.

O sì lè dán nọ́ńbà wò láì compile ohunkóhun. Kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú `/sys/bus/usb/drivers/qmi_wwan/new_id`, tàbí `/sys/bus/usb-serial/drivers/option1/new_id` fún option. Lórí tábìlì nìkan o! new_id ò mọ interface wo ni ti ta, ó lè kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n á jẹ́ kí o mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan bóyá nọ́ńbà nìkan ló kù tàbí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí o kọ wà ní ìlà kan tí o sáré kọjá: módẹ́ẹ̀mù yẹn nìkan lẹ ń gbà wọlé. Ilé onílẹ̀kùn kan ni, ìwọ sì fẹ́ dúró sínú kí o yọ ilẹ̀kùn. Ṣé àpótí yín ní àyè kernel méjì, tí á fi padà sí ti àtijọ́ fúnra rẹ̀ tí kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Tí kò bá ní, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

SáréTete

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: 6.1.64 tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, àwọn stable náà ló ṣe é. Ẹ tún wá ní kí ó lọ bá stable?

alábùlẹ̀

O mú mi níbẹ̀, mo sì gbà.

Ṣùgbọ́n wo bí ó ṣe parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo 6.1.64, wọ́n pariwo, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n mọ ohun tó fà á. Ta ló ń lo 4.9 tí mo fi macro ọwọ́ ara mi lẹ̀? Èmi àti àwọn àpótí tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń bá ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù jà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni.

Má mú u lọ́jọ́ tó bá jáde, ìyẹn ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́wàá, kí o wo ohun tí èyí tó tẹ̀ lé e yọ kúrò. Èyí tó bá jẹ́ ti ààbò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, ìyẹn yàtọ̀.

ìyáìbejì_Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, alábùlẹ̀. Mo ti rí i pé ẹ fi ìbejì ṣe àpẹẹrẹ, ẹ ò sì pè mí.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àyàfi ibì kan. Ẹ ní kí ó fi àtúntò kóòdù sílẹ̀ síbi tí ó wà. Èmi náà ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo ti ṣíwọ́. Tí àbùlẹ̀ tí mo fẹ́ bá dúró lórí àtúntò kékeré kan, ọ̀nà méjì ló wà. Mo lè fi ọwọ́ ara mi tún àbùlẹ̀ náà gé kí ó bá ẹ̀yà àtijọ́ mu. Mo sì lè mú àtúntò yẹn wọlé, kí n wá mú àbùlẹ̀ tẹ̀ lé e bó ṣe wà lọ́dọ̀ Linus, láìfi ìka kàn án. Tí mo bá tún un gé, kóòdù tí ẹnikẹ́ni láyé ò lò rí ni mo ṣẹ̀dá. Àbùlẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á tún forí gbárí, màá tún tún un gé, títí fáìlì yẹn á fi di tèmi nìkan. Àwọn stable fúnra wọn fẹ́ràn kí ó rí bó ṣe rí lọ́dọ̀ Linus. Ẹ wo òfin wọn, wọ́n ṣe àyè fún un: èèyàn lè kọ nọ́ńbà àwọn commit tó yẹ kó ṣáájú sí ẹ̀gbẹ́ ìlà `Cc: stable`, kí wọ́n kó wọn tẹ̀ léra.

Ààlà wà fún un. Méjì, mẹ́ta, mo máa mú u. Tó bá ti di pé ọ̀kan ń fa ọ̀kan títí dé mẹ́fà, mo máa jáwọ́, màá ní kí ẹni tó fẹ́ ẹ lọ lo kernel tuntun.

Ọmọ Mókọ́lá, ohun kan tí alábùlẹ̀ ò sọ. Tí o bá rí `stable+noautosel@kernel.org` lára commit kan, dúró. Ẹni tó kọ ọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ pé kí ẹ̀rọ Sasha má fúnra rẹ̀ ṣa èyí kó sínú ẹ̀yà àtijọ́, ó sì yẹ kí ìdí rẹ̀ wà ní ìlà kan náà. Ka ìdí yẹn. Èyí tí kò ní àmì kankan lára kò túmọ̀ sí pé kò ṣe pàtàkì, ó lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "má mú u", kò gbàgbé.

Tí ẹ bá sì rí àbùlẹ̀ tó yẹ kó wà ní 5.10.y tí kò sí níbẹ̀, ẹ má kàn fi sínú tiyín kí ẹ dákẹ́. Tó bá ti wà lọ́dọ̀ Linus, ẹ kọ lẹ́tà sí stable@vger.kernel.org, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà commit náà, ẹ sọ ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ kó wọ̀ àti ìdí rẹ̀. Èmi ti rán mẹ́rin láti ìdí tábìlì ilé ìdáná mi níbí. Mẹ́ta wọlé. Ìkẹrin, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "FAILED: patch" ló padà wá bá mi, pẹ̀lú àṣẹ git tí mo máa tẹ̀ tí mo bá fẹ́ tún un ṣe fúnra mi. Mo tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ọmọ sùn.

alábùlẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí n pè. Mo gbà fún yín lórí àtúntò kékeré. Mo ti dàgbà nínú ìwà títún un gé, ó ṣòro fún mi láti jáwọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ọmọ yìí tó ń dá ṣiṣẹ́, ó sàn kó má mú èyíkéyìí nínú méjèèjì tí àyè bá gbà á.

ọmọ_Mókọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an mà.

5.10.66 ni. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà yẹn sí, mo rí i, ojú tì mí díẹ̀. Mo tẹ àṣẹ tí ẹ̀gbọ́n kọ. Módẹ́ẹ̀mù wa wà nínú 5.10.y. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ìlà rẹ̀ nínú option.c ní RSVD(4), ìyẹn nínú qmi_wwan ní SET_DTR. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ka 6.12, apẹ̀rẹ̀ wà nílé.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mú méjì yẹn nìkan. Mo wá rò ó wò pé tí mo bá mú méjì lónìí, màá tún mú méjì lóṣù tó ń bọ̀. Mo bá dán an wò láti da gbogbo 5.10.y pọ̀ mọ́ tiwa. Ọkàn mi ti mura sí ìjà ńlá. Fáìlì mọ́kànlá péré ló forí gbárí, gbogbo wọn ló jẹ́ ibi tí àwọn tó ta bọ́ọ̀dù ti fọwọ́ kàn: device tree (àkójọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù), díráfà bátìrì, àti ibì kan nínú MMC (díráfà káàdì ìpamọ́) tí wọ́n kọ "hack, remove later" sí, pé ọgbọ́n àfọwọ́dá ni, kí wọ́n yọ ọ́ tó bá yá. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ẹ̀gbọ́n ṣe ń na etí ihò.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n máa da èyí tó bá jáde pọ̀ lóṣooṣù? Àti pé àyè kernel méjì ò sí nínú àpótí wa. Páńtíṣọ̀n (ìpín ibi ìpamọ́) kan ni.

alábùlẹ̀

Oṣooṣù dáa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta náà kò burú, tí o bá ń ka ohun tó wọ inú àwọn fólídà tí ẹ̀rọ yín ń lò. Má dá ara rẹ lágara pẹ̀lú díráfà káàdì àwòrán tí ẹ ò ní.

Ti páńtíṣọ̀n: ṣe é kí o tó fọwọ́ kan kernel ẹyọ kan níta. Watchdog (aago tó ń tún ẹ̀rọ tan tó bá dákú), kernel méjì, script kékeré kan tó ń ṣàyẹ̀wò bóyá wwan0 gba àdírẹ́ẹ̀sì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí kò bá gbà á, kí ó tún ara rẹ̀ tan sí ti àtijọ́. Àwọn àpótí tó ti wà níta kò nílò módẹ́ẹ̀mù tuntun, àbí? Kí lo wá fẹ́ fi kernel tuntun ṣe fún wọn lónìí? Àwọn tuntun tí yóò jáde ní ibi iṣẹ́ yín ni kí o kọ́kọ́ fi í sí.

Ọ̀rọ̀ SáréTete náà, má sọ ọ́ nù. Oṣù Kejìlá 2026 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn yóò dá 5.10.y dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sí ẹni tí yóò máa bá ọ ṣà á. Sọ ọjọ́ yẹn fún ọ̀gá rẹ nísinsìnyí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó bọ́ọ̀dù pamọ́.

SáréTete

Mo ti wí bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fi wákàtí méjì sọ ọ́ ni 😂

ọmọ_Mókọ́lá

Mo padà wá. Páńtíṣọ̀n ti di méjì. Àpótí kan ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ajé pẹ̀lú 5.10.y tí mo dà pọ̀ àti módẹ́ẹ̀mù tuntun. wwan0 kan ṣoṣo ló yọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìtàn Ẹ̀pẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ síìmù kúrò, ó dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún ara rẹ̀ tan, ó padà sí ti àtijọ́. Mo dá síìmù padà, mo tún gbé e sórí tuntun.

Ṣáṣá ni èyí tó kàn, torí ọkọ̀ kan ni láti ọ́fíìsì wa. Ti Ṣakí ni yóò gbẹ̀yìn.

Ìgbà ogún ni mo ti fa wáyà iná rẹ̀ yọ lónìí lójijì, kí n lè wo bí ó ṣe máa jí. Ọ̀gá mi kọjá, ó béèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ní èmi ni mò ń mú iná lọ lónìí.